Ẹ Má Tíì Ṣáná sí Alùpùpù Ìyá Eléruku

Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí Ìyá Eléruku fi ọwọ́ ara wọn gbẹ̀bí yín, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má bínú sí ohùn mi. Ohùn mi kì í jáde dáadáa níwájú èrò. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún kò bá gbọ́ mi, ẹ pariwo, mo máa tún un sọ.

Èmi ni ìyàwó tuntun ilé yìí. Àbígbẹ̀yìn Màámi, èyí tó ń kun ilé, ni ọkọ mi. Ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́ ohùn mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, torí n kì í sábà sọ̀rọ̀, ìwé mi ò sì pọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọkọ mi bá mi wò ó, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní kà á mọ́.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ ẹnìkan. Bọ̀dá Ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin àkọ́bí Màámi, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù tó wà ní àpò yín, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan pé bí èmi bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ máa ṣáná sí alùpùpù Màámi, ẹ máa mú un ké gan-an, kí gbogbo ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ to tiyín sẹ́nu ọ̀nà sì bá a ké, kí Màámi gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà. Àbá tó dára ni. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè wo àwòrán Màámi níwájú yìí, tí ọwọ́ mi dúró sófuurufú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí ọ́ìlì nínú alùpùpù yẹn. Kò sí ẹ̀kán kan. Ọ́ìlì àlòkù ti jáde, tuntun kò tíì wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná sí i, tó sì mú un ké, irin á máa ha irin, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì kí a tó pe orúkọ Màámi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ yín, Bọ̀dá. Ẹ ní nọ́ọ̀tì tó dí ihò ọ́ìlì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì jò. Òótọ́ ni. Èmi ni mo dá nọ́ọ̀tì náà padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo mọ̀ pé ẹkún la wá sun, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi wá sílẹ̀ yẹn, Màámi jí pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ara wọn ò yá, ó ń tan yín jẹ ni. Wọ́n mu tíì. Wọ́n bínú sí ológbò. Wọ́n ní kí n gbé bẹ́sìnì dúdú jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kẹ́lẹ́," bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, torí wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. "Kẹ́lẹ́, lónìí, ìwọ lo máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi á jókòó, ẹnu ni màá fi ṣe tèmi."

Mo ní, "Màámi, èmi kẹ̀?"

"Ìwọ kẹ̀! Àbí o ní ìkejì tó o fi pamọ́ sí yàrá ni? Bí o bá ṣe é dáadáa, nírọ̀lẹ́ òní, ìwọ lo máa jókòó níwájú, èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn wa, mi ò jókòó níwájú alùpùpù rí láyé mi. Inú mi dùn débi pé mo gbé bẹ́sìnì dorí kodò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mi ò lè sọ bó ṣe parí kí n má sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó wọ ilé yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ tó ń gun alùpùpù! Á gun ìwọ náà." Mo gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ilé ìdáná ni mo sá pamọ́ sí. Mò ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Bí mo bá gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà, màá tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kan, Màámi yọjú sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Wọ́n wò mí, wọ́n wo abọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, abọ́ yẹn ò lè funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, àfi bó o bá fẹ́ kó bó. Wá bá mi di àrọ mú."

Bí mo ṣe di àrọ mú nìyẹn. Wọ́n ń da ọ́ìlì tuntun gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì bí oyin, wọ́n sì ń bi mí nípa ìyá mi, nípa ilé wa, nípa ìdí tí mo fi kúrò níléèwé. Ohun tí mi ò sọ fún ọkọ mi rí, mo sọ ọ́ níbẹ̀, ojú mi nínú àrọ. Wọn ò wò mí rárá. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá wò mí, màá dákẹ́. Kí ọ́ìlì tó wọlé tán, ẹ̀rù ìyá ọkọ ti jáde lára mi.

Gbogbo yín lẹ mọ alùpùpù náà. Ara rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ ní eyín. Ó ń rìn lórí títì ọlọ́dà, ó ń rìn nínú ẹrẹ̀, kò yan ọ̀kan. Màámi náà ò yan ọ̀kan. Ilé olówó ni o, ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni o, bí ẹnìkan bá ti ń rọbí níbẹ̀, wọ́n ti dé. Eruku la máa ń kọ́kọ́ rí, ká tó rí wọn. Ìdí tí ẹ fi ń pè wọ́n ní Ìyá Eléruku nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mélòó nínú yín lórí rẹ̀ ì bá wọ́ tí kì í bá ṣe tiwọn?

Ọ̀gá mẹkáníìkì ìkòríta, mo rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá bá wọn jà. Ẹ ní, "Ìyá, ẹ̀ ń gbẹ̀bí, ẹ tún fẹ́ gba iṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀bí o!" Màámi dáhùn pé, "Ìwọ? Pẹ̀lú ọwọ́ tí o fi ń dé nọ́ọ̀tì yẹn? Ọmọ á bẹ̀bẹ̀ kó padà sínú." Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n máa ń ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìka ni wọ́n fi ń dé nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi jókòó dáadáa. Sípánà kàn máa ń wá kí i pé ó dàbọ̀ ni. Olórí kunkun ni wọ́n lórí èyí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín jà, ẹ fún nọ́ọ̀tì yẹn jù.

Ó ní ẹ́ńjìnnì kan tó kú kí n tó wọ ilé yìí. Màámi ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti fa ọ́ìlì àlòkù jáde, wọ́n ti dé nọ́ọ̀tì, wọ́n ń nawọ́ sí ọ́ìlì tuntun ni ẹnìkan fi ké lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá, ẹ sáré, ó ti ń yọrí!" Wọ́n gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fò gun alùpùpù, wọ́n ṣáná sí i, ó di eré. Wọn ò dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ké bí irin tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́, ó sì gan. Wọ́n tì í sínú koríko, wọ́n fẹsẹ̀ sáré dé ibẹ̀. Ọmọ yẹn ti di géńdé báyìí. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà kejì, òun náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń fi apá aṣọ nujú. Wọn ò forúkọ pè é rí. "Ajẹ́ńjìnnì!" ni wọ́n ń pè é. "Ẹ́ńjìnnì mi tí o jẹ, ṣé ó ti dà nínú rẹ?" Òun náà á ní, "Ìyá, ó kù díẹ̀," á sì ki búrẹ́dì gbígbóná bọ àpò wọn.

Láti ìgbà ẹ́ńjìnnì yẹn ni Màámi ti ṣòfin fún ara wọn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ṣí ìborí orí wọn, wọ́n á so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù, ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí a ti ń fún un níná. Ìborí yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí ọ́ìlì tuntun bá wọlé, tí a sì wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, "Kẹ́lẹ́, bí ilé ń jó, bí ìjọba ń pè mí, mi ò lè jáde láìborí. Orí mi lọwọ́ mi máa kọ́kọ́ lọ. Bó bá bá a lófo, màá rántí." Alùpùpù tó bá wé ìborí, ebi ń pa á. Bí èmi àtàwọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo rò pé gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Àṣé ẹ̀yin ọmọ wọn ti kúrò nílé kí òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi alára ò mọ̀. Ọ̀dà ilé ló mọ̀, kò mọ ọ́ìlì.

Ó dáa. Ọjọ́ yẹn náà, Màámi gùn ún dé ìparí òpópónà, wọ́n sì padà, kí ọ́ìlì lè gbóná, torí ọ́ìlì tútù kì í jáde tán. A gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo ṣí ìdérí òkè. Mo ti bẹ́sìnì sábẹ́. Màámi ṣí ìborí wọn, aláwọ̀ ewé yẹn, wọ́n fúnra wọn so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Mo tú nọ́ọ̀tì. Ọ́ìlì dúdú tú jáde wàà, ó ta sí mi lọ́wọ́, mo pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, "Ẹ wo Kẹ́lẹ́! Àṣé o lóhùn!" Wọ́n ti ìka bọ ọ́ìlì náà, wọ́n fi ìka méjì ra á, wọ́n gbé e sójú oòrùn. Wọ́n ní kò sí irin nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì lè sin ọmọ-ọmọ wa. Wọ́n wá dìde, wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa ro. Má kánjú lé e. Mo fẹ́ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀. Bó bá ro tán, pè mí."

Ó ro tán. Mo pè wọ́n.

Ohùn mi kékeré yìí ni mo fi pè wọ́n. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni. Mo tún pè. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, mo ní, "Màámi, ó ti ro tán o." Wọ́n kọjú sí ògiri. Bàtà wọn wà nílẹ̀ létí ibùsùn, ọ̀kan gun orí èkejì. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ni kí n sọ? Ṣé ẹni tó rẹ́rìn-ín sí mi ní ẹ̀yìnkùlé ni? Ṣé ẹni tó ní kí n pe òun ni? Mo sá padà sí ẹ̀yìnkùlé. Mi ò mọ ohun tí mo lọ wá níbẹ̀. Bóyá mo rò pé mo máa bá wọn lórí àpótí tí wọ́n jókòó sí. Mo fi ọwọ́ yẹn kan náà kan ẹ́ńjìnnì. Ó ṣì gbóná. Irin ṣì gbóná, ọwọ́ Màámi ti ń tutù. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni orí mi dúró sí. Bí ẹ bá bá mi sọ̀rọ̀ tí mo kàn ń wo ilẹ̀, ẹ má pè é ní ìgbéraga, ibẹ̀ ni mo wà. Dókítà ní ọkàn wọn ló dúró. Báwo ló ṣe ń dúró tí kò ké? Báwo ló ṣe ń dúró tí kò jò díẹ̀ ká rí i nílẹ̀? Àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo yín. Etí mi gbà á, ara mi ò tíì gbà á.

Ìgbà yẹn ni mo wá lọgun, tí ẹ fi sáré wá. Kí ẹ tó dé, ọwọ́ mi ti dé nọ́ọ̀tì. Èmi kọ́ ni mo rán ọwọ́ níṣẹ́, Màámi ló ti kọ́ ọ: ihò ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ilé iyanrìn. Mo dé e, mo dé ìdérí òkè náà, mo gbé bẹ́sìnì sí kọ̀rọ̀, èrò sì kún ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wò ó lónìí á fi rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìborí wà lọ́wọ́ alùpùpù. Ìborí ló yẹ kó gbẹnu sọ fún mi.

Àǹtí Aránṣọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màámi bí, ẹ má sunkún mọ́, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ rí ìborí ìyá yín níbẹ̀, ẹ rò pé wọ́n kàn bọ́ ọ sílẹ̀ ni. Ẹ gbé e mọ́ àyà, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wé e mọ́ àwòrán yìí. Ó rẹwà. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀, mi ò rí i. Ìgbà tí Bọ̀dá yọ kọ́kọ́rọ́, tí gbogbo yín pàtẹ́wọ́, ni mo tó rí i pé Màámi wé ìborí, alùpùpù ò wé nǹkan kan. Wọ́n sì ń wò mí láti inú àwòrán, bíi pé wọ́n ń sọ pé, "Kẹ́lẹ́, sọ̀rọ̀ sókè!"

Mo ti sọ ọ́ sókè.

Bọ̀dá, mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà, ẹ mọ ohun tí ọ́ìlì jẹ́ jù mí lọ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun la fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ lọ yọ ọ́, ẹ wò ó. Màá dúró dè yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún wọn láyè.

Ẹ wo ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wo orí rẹ̀. Ó gbẹ.

Rárá, Bọ̀dá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín pa á. Ẹ ò pa á. Ẹ rántí Ajẹ́ńjìnnì, òun nìkan ni Màámi gbà kó jẹ ẹ́ńjìnnì àwọn. Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gba kọ́kọ́rọ́ yìí.

Àǹtí, ẹ bá mi tú ìborí lára àwòrán. Níwájú gbogbo yín ni màá ti so ó padà mọ́ ọwọ́ alùpùpù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí káfíńtà tó kan ìdérí pósí, màá da ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ wá bá mi di àrọ mú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí nọ́ọ̀tì. Màá ṣáná sí i pẹ̀lẹ́, màá jẹ́ kó mí díẹ̀, màá pa á, màá jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀, màá gbé e dúró ṣánṣán, màá wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni màá tú ìborí, Àǹtí á sì wé e sórí Màámi. Kì í ṣe tuntun tí ẹ rà yẹn. Èyí ni. Àmì ọ́ìlì ṣì wà létí rẹ̀, ọṣẹ ò rí i bọ́. Ìgbà yẹn, Bọ̀dá, ẹ mú alùpùpù ké bó ṣe wù yín, kí gbogbo ọlọ́kadà bá a ké, kí ilẹ̀ mì.

Màámi, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí.

Ẹ ní bó bá ro tán kí n pè yín. Mo pè yín. Mi ò bínú pé ẹ ò dáhùn. Ẹni tó ti ń dáhùn ìpè àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí wá, ó yẹ kí ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ yọ mí nídìí abọ́. Lọ́jọ́ kan, màá jókòó níwájú alùpùpù yín, ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ ṣe ṣèlérí. Bọ̀dá ti ń mi orí, wọ́n ní àwọn á kọ́ mi. Bí mo bá ti wá mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, mi ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn mi, àyè yín ni.

Ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́. Níbi tí ẹ ń lọ, ẹnikẹ́ni ò rọbí, ẹ má sáré. Bí ẹ bá bá ọ̀dà, ẹ máa yọ̀ lọ. Bí ẹ bá bá ẹrẹ̀, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ rọra gbà á. Kí eruku yín ṣáájú yín dé ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ará iwájú rí i lókèèrè, kí wọ́n máa sọ fún ara wọn pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, Ìyá ti ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ lálẹ́ yìí, Màámi. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ẹ kì í jáde láìborí, ìborí yín sì wà lẹ́nu iṣẹ́.